Ṣé owó ẹ̀yáwó kékeré lè sọ tálákà di oníṣòwò, àbí gbèsè ni yóò fi kún ìṣẹ́ rẹ̀?

Alábàárò

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùtọ́jú ojúewé yìí tí ó gbà mí láàyè láti gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án kan ni a ti ń dá owó jọ láti ọdún méjì sẹ́yìn, a sì ti pinnu pé a kò ní pín in fún ara wa, kàkà bẹ́ẹ̀ a ó fi ran àwọn tálákà lọ́wọ́ kí wọ́n lè dá òwò tiwọn sílẹ̀. Èrò wa ni pé kí a má fi owó náà tọrẹ, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni ọrẹ ń ṣe. Kí a yá wọn, kí wọ́n san án padà díẹ̀díẹ̀, kí a sì tún gbé e fún ẹlòmíràn.

Ìtàn Muhammad Yunus ni ó gún wa ní kẹ́sẹ́. Ní ọdún 1976, nígbà tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Chittagong ní Bángládẹ́ṣì, ó bá àwọn tí ń fi ọparun ṣe àpótí ìjókòó pàdé ní abúlé Jobra. Ọwọ́ alágbàtà ni wọ́n ti ń yá owó tí wọ́n fi ń ra ọparun, alágbàtà yìí kan náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ta ìjókòó náà fún ní iye tí ó bá wù ú. Ó ka àwọn tí ó wà nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀ ní abúlé náà, wọ́n jẹ́ ènìyàn 42, gbogbo gbèsè ọrùn wọn lápapọ̀ kò sì ju tákà 856 lọ, èyí tí ó tó nǹkan bíi dọ́là 27. Àpò ara rẹ̀ ni ó ti yọ owó náà. Ní ọdún 1983 iṣẹ́ náà di Grameen Bank, ní ọdún 2006 sì ni a fún òun àti ilé ìfowópamọ́ náà ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Ẹnì kan nínú wa ta kú pé òun kò gbà. Ó ní ẹni tí kò ní nǹkan kan, bí a bá yá a lówó, a ti sọ ọ́ di ẹni tí kò ní nǹkan kan tí ó sì tún jẹ gbèsè. Ètò tí a ti kọ sílẹ̀ nìyí. A ó yá àwọn obìnrin nìkan. Wọn yóò wà ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, tí oníkálukú yóò ṣe onígbọ̀wọ́ àwọn yòókù, nítorí pé wọn kò ní ohun tí wọ́n lè fi dúró. Èlé yóò jẹ́ ìdá 20 nínú 100 fún ọdún kan, kí a lè fi gbọ́ bùkátà iṣẹ́ náà. A ó yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìfipamọ́ fún wọn kí ó tó dé ọwọ́ wọn, sísan yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fọwọ́ sí i.

Agbowó Tẹ́lẹ̀rí

Ẹ kú èrò rere, Alábàárò. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń yá mẹ̀kúnnù lówó, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá ẹgbẹ́ àwọn olùyáwó ṣe ìpàdé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n gba owó, kí n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún yẹn ni ó bà mí lẹ́rù jù.

Ó dára nínú ìwé. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tí kò sì ní ilé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dúró fún un, àwọn ni wọ́n mọ ìwà rẹ̀, wọn kò sì ní mú oníjìbìtì mọ́ra. Nígbà tí a bá ń yan ènìyàn, ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí ìṣòro bá dé ni a máa ń rí i pé iṣẹ́ ológò, ẹni tí ń jókòó ti onígbèsè títí yóò fi san, ni a ti gbé lé àwọn aládùúgbò ẹni lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan kò wá sí ìpàdé. Ara ọmọ rẹ̀ kò yá, ó sì ti ná owó ọ̀sẹ̀ náà sórí ìtọ́jú. Òfin ilé-iṣẹ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dìde títí owó gbogbo ẹgbẹ́ yóò fi pé. Àwọn mẹ́rin yòókù jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, òwò wọn sì ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ilé rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìlọta tí ó fi ń jẹun jáde. Èmi kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, kò sì sí ìdí tí mo fi ní láti fọwọ́ kàn án, nítorí ètò náà ti bá mi ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ náà san owó wọn pé pérépéré, ọ̀gá mi yìn mí, wọ́n sì fi nǹkan kún owó oṣù mi.

Àwọn ènìyàn a máa fi iye owó tí ń padà wọlé yangàn, wọn a ní ìdá 97 tàbí 98 nínú 100 ni ó ń san. Iye yẹn kò sọ bóyá owó náà ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń yá níhìn-ín láti fi san tọ̀hún, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, tí ó sì mọ́ tónítóní nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oníṣirò

Èmi yóò sọ̀rọ̀ lórí ìdá 20 nínú 100 tí ẹ pè ní èlé, nítorí pé ó ju 20 lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan gba 1,200, owó yòówù kí ó jẹ́. Èlé rẹ̀ jẹ́ 240, àpapọ̀ jẹ́ 1,440, tí a bá sì pín in sí oṣù 12, yóò máa san 120 ní oṣooṣù. Ohun tí ó ń tan ojú jẹ níbí ni pé 1,200 náà kì í wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Bí ó bá ti san ti oṣù kìíní, ojú owó náà ti dín; nígbà tí ó bá san ti oṣù kẹfà, ó súnmọ́ ìdajì tí ó ti padà sọ́dọ̀ yín, síbẹ̀ ó ń san èlé lórí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà nínú òwò òun. Bí a bá ṣírò èlé lórí kìkì ohun tí ó kù lọ́rùn rẹ̀, ohun tí ẹ ń gbà jẹ́ bíi 2.9 nínú 100 lóṣù, ìyẹn nǹkan bíi 35 lọ́dún.

Ẹ wá fi ti ìfipamọ́ kún un. Ẹ yọ 120, 1,080 ni ó dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n 1,200 ni ẹ ṣírò èlé lé lórí, 120 náà ni ó ṣì ń san lóṣooṣù. Ní oṣù kejìlá ẹ dá ìfipamọ́ rẹ̀ padà, ó sì fi san ìdá ìkẹyìn. Èlé ti di 3.5 lóṣù, ó sì ti tó 42 lọ́dún. Owó tí ẹ sọ pé ẹ ń bá a pamọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń san èlé lórí rẹ̀.

N kò sọ pé ẹ fẹ́ yan ẹnikẹ́ni jẹ. Mo gbà pé ẹ kò mọ̀ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yáni lówó kò sì fẹ́ kí ẹni tí ń yá a mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba 20 ní tòótọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ohun tí ó kù, kí ẹ sì fi ìfipamọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wù ú.

Aránṣọ

Ẹ jẹ́ kí èmi náà tí mo máa ń jókòó sí irú ìpàdé tí Ẹ̀gbọ́n Agbowó sọ sọ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti yá irú owó yìí, mo sì san gbogbo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò wúlò rárá, n kò ní gbà, nítorí pé òun ni mo fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, ẹ̀rọ kejì yìí ni mo sì fi lè gba ẹni tí ń bá mi ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa. Mo ti ń ránṣọ fún ọdún mọ́kànlá kí n tó yá owó kankan. Àwọn oníbàárà mi ń dúró dè mí, iṣẹ́ ń pọ̀ ju ọwọ́ mi lọ, ohun tí mo sì ṣaláìní ni ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ tí mo gba owó náà, ẹnì kejì mi nínú ẹgbẹ́ gba iye kan náà láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò tí kò ṣe rí, nítorí pé wọ́n ní àwọn kò lè yá ẹni tí kò bá ní òwò, ó sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan sínú fọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń jí kí n tó jí. Kò tó oṣù mẹ́rin tí ọjà rẹ̀ fi tán tí owó rẹ̀ náà sì tán, nítorí pé inú owó òwò ni ó ti ń yọ owó ọ̀sẹ̀, kò tí ì mọ ibi tí a ti ń rà á lówó pọ́ọ́kú, kò sì tí ì mọ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ohun mìíràn tí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í sábà bèèrè lọ́wọ́ wa ni ibi tí a ti ń rí owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ méje péré lẹ́yìn tí a gba owó ni sísan ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí mo rán kò tí ì kúrò lọ́wọ́ mi, àwọn tí wọ́n ni ín kò tí ì sanwó. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mo yá ni mo ká pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí láti ọjọ́ kìíní, kí n lè máa rí i san títí iṣẹ́ yóò fi mú owó wá. Mo ń san èlé lórí owó tí kò ṣe nǹkan kan ju pé kí ó sùn. Gbogbo wa ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún agbowó.

Agbowó Tẹ́lẹ̀rí

A mọ̀ o, Aránṣọ. A kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọrọ̀-ajé

Ohun tí Aránṣọ fi ojú ara rẹ̀ rí gan-an ni ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ níwọ̀nba bí mo ti kà á.

Ní ìlú Hyderabad ní Íńdíà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti àwọn akẹgbẹ́ wọn mú àdúgbò 104 tí ó jọra, wọ́n fi ìbò yan 52 nínú wọn kí ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan kọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọ́n sì fi àwọn yòókù ṣe òṣùwọ̀n. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì nítorí pé bí a bá kàn fi ẹni tí ó yáwó wé ẹni tí kò yá, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ ti yá sí òwò tẹ́lẹ̀ ni ó lọ yá a. Ohun tí wọ́n rí kò dùn mọ́ àwọn alátìlẹyìn ètò náà nínú, kò sì dùn mọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ nínú pẹ̀lú. Òwò gbòòrò díẹ̀ sí i, àwọn ènìyàn ra ohun èlò tí ó ń pẹ́, wọ́n sì dín ìnáwó lórí àwọn nǹkan bíi tábà, ọtí àti ìpanu kù. Ṣùgbọ́n ní ti ìlera, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti agbára obìnrin nínú ilé, wọn kò rí ìyàtọ̀ tí a lè nawọ́ sí. Ní ọdún 2015 a tẹ ìwádìí mẹ́fà irú rẹ̀ jáde pọ̀, láti Bósníà, Ẹtiópíà, Íńdíà, Mẹ́síkò, Mòngólíà àti Mòrókò, ẹnu wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kò: owó náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò gbé ìlú kankan kúrò nínú ìṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn ará Hyderabad lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n ti ní òwò kí ayánilówó tó dé ni èrè náà dúró tì, tí òwò wọn sì ga ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn tí owó ẹ̀yáwó ni ó sọ wọ́n di oníṣòwò kò fi bẹ́ẹ̀ jèrè. Aránṣọ àti ẹnì kejì rẹ̀ ni ẹ ń wò yẹn.

Ní ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Erica Field, Rohini Pande àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Kolkata, ní Íńdíà kan náà. Wọ́n ní kí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní oṣù méjì kí wọ́n tó san ohunkóhun. Àwọn tí wọ́n rí àyè mí fi owó púpọ̀ sí i sínú òwò, nígbà tí ó sì di bí ọdún mẹ́ta, èrè òwò wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Mi ò ní fi ìyókù pamọ́ fún yín: àwọn tí kò lè san gbogbo rẹ̀ padà pọ̀ sí i láàárín àwọn tí a fún láyè. Ẹni tí ó ní àyè ń dán ohun tí ó tóbi wò, ohun tí ó tóbi sì lè ṣubú. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín dúró sí nìyẹn, Alábàárò: bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo owó padà láìku ẹyọ kan, ẹ̀ ń ní kí wọ́n ṣe òwò tí ó kéré tí kò sì ní dàgbà.

Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún ńkọ́? Ní Filipínì, Xavier Giné àti Dean Karlan bá ilé ìfowópamọ́ kan ṣe é tí a fi yọ onígbọ̀wọ́ kúrò nínú àwọn ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n ṣì ń pàdé pọ̀ ṣùgbọ́n tí oníkálukú ń jẹ gbèsè tirẹ̀. Iye àwọn tí ń san gbèsè wọn padà kò yí padà. Grameen Bank fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú kí ẹnì kan máa san gbèsè ẹlòmíràn nígbà tí ó tún ètò rẹ̀ tò lẹ́yìn ọdún 2000.

Má-yáwó

Mo ti ń ka gbogbo yín láti òwúrọ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé bí a ó ti tún gbèsè ṣe ni gbogbo wa ń wá. Ta ni ó sọ pé tálákà fẹ́ ṣòwò? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tajà lójú pópó bóyá òun kò ní fi í sílẹ̀ lọ́la bí ó bá rí iṣẹ́ tí ń mú owó oṣù wá. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ gidi kì í sábà ní ìfẹ́ láti di oníṣòwò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò níṣẹ́ ni a ń pè ní oníṣòwò tí ó fara sin, a sì ń gbé gbèsè lé e lórí kí ó lè fi hàn wá.

Ẹ sì wo ibi tí ọ̀nà yìí ń já sí. Ní Mẹ́síkò, Compartamos bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú. Nígbà tí ó fi di ọdún 2007, ó ti di ilé ìfowópamọ́ tí ń ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ayé, tí èlé rẹ̀ lórí obìnrin tálákà sì ju ìdá 80 nínú 100 lọ lọ́dún. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà, àwọn ayánilówó sáré bára wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn kan náà, títí ìròyìn fi kàn pé àwọn olùyáwó kan gba ẹ̀mí ara wọn nítorí ojú tì wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tí ó ká wọn lọ́wọ́ kò, sísan owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá. Gbogbo wọn ni wọ́n ń ka ìtàn dọ́là 27 yẹn fún ara wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Sógundogójì ni sógundogójì ń jẹ́, bí a tilẹ̀ wọ aṣọ funfun fún un.

Aránṣọ

Ẹ̀gbọ́n Má-yáwó, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi bèèrè: kí n tó rí àwọn tí ẹ ń bú yìí, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ rò pé mo ti ń yáwó? Ẹni tí mo ń yá a lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ń gba ìlọ́po méjì, ó sì ń wá pariwo sí ẹnu ọ̀nà ọkọ mi. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn kan, ẹ sọ èyí tí ẹ ṣí.

Má-yáwó

Ìbéèrè yìí mú mi o, Aránṣọ, n kò sì ní sá fún un. Ìbínú mi kò sí lórí yíyá tí ìwọ yá. Ó wà lórí pé kí a gbé irú owó yìí fún ẹni tí ó tòṣì pátápátá, kí a sì máa sọ pé a ti ràn án lọ́wọ́.

Olùtọ́jú Ojúewé

Mo ti yọ ìdáhùn méjì kúrò, nítorí pé èébú ni wọ́n jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ bí ẹ ti ń bá a lọ.

Alábàárò

Ẹ ṣeun o. Mo fi gbogbo ohun tí ẹ kọ han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ariwo sì ta. Ìbéèrè méjì ni wọ́n rán mi wá. Èkíní, bí a kò bá gba èlé rárá ńkọ́, nígbà tí èrè kọ́ ni a ń wá? Èkejì, bí owó ẹ̀yáwó kò bá dára fún ẹni tí kò ní nǹkan kan, kí ni a ó ṣe fún un?

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èkíní. Bí ẹ kò bá gba èlé, tí nínú gbogbo 100 tí ẹ bá yá jáde 5 kò padà, lẹ́yìn ìgbà kìíní ẹ ní 95, lẹ́yìn ìgbà kejì ó lé díẹ̀ ní 90, nígbà tí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nǹkan bíi 60 ni yóò kù, láì tí ì ka owó ọkọ̀ àti ìwé. Ẹ lè pinnu pé bí a ti fẹ́ ẹ nìyẹn, kí ẹ sì máa fi owó tuntun kún un. Ohun tí kò dára ni kí ẹ má mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Ìdí kan tí èlé owó kékeré fi ń ga ni pé wàhálà tí a ń ṣe lórí ẹni tí ó yá 100 kò yàtọ̀ sí èyí tí a ń ṣe lórí ẹni tí ó yá 10,000: ìrìn kan náà ni, ìwé kan náà, ìpàdé kan náà. Bí ìnáwó yẹn bá jẹ́ 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó èkíní ni, kò sì tó nǹkan lára owó èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní san owó oṣù fún ara yín lè gba èyí tí ó kéré ju ti àwọn ilé-iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò lè sọ ọ́ di òfo láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ń san án.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọrọ̀-ajé

Èkejì kan èmi. Ẹgbẹ́ aláàánú BRAC ní Bángládẹ́ṣì, tí wọ́n ti ń yá ènìyàn lówó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tí wọ́n jẹ́wọ́ pé owó náà kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tòṣì jù, tàbí kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn kí ó sì dà wọ́n wó. Ní ọdún 2002 wọ́n dá ètò mìíràn sílẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fún wọn ní ohun tí ń mú owó wá, ẹran ọ̀sìn ni ó sábà ń jẹ́, wọn kì í sì í gbà á padà. Wọ́n ń fún wọn ní owó oúnjẹ fún oṣù díẹ̀ kí ebi má baà mú kí wọ́n ta ẹran náà, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò léraléra fún bí ọdún méjì.

Wọ́n dán irú ètò yìí wò ní Ẹtiópíà, Gánà, Hòndúrásì, Íńdíà, Pakistán àti Pẹrú, láàárín ìdílé tí ó lé ní 10,000, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2015. Ní ọdún kan lẹ́yìn tí ètò náà parí, àwọn tí ó kàn ṣì ń jẹun ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ohun ìní wọn sì pọ̀ jù. Hòndúrásì ni kò fi bẹ́ẹ̀ gún, níbi tí àìsàn ti pa púpọ̀ nínú àwọn adìyẹ tí wọ́n pín. Àléébù rẹ̀ ni pé owó gọbọi ni ó ń gbà lórí ìdílé kan, ẹ kò sì ní rí i gbà padà láti gbé e fún ẹlòmíràn. Owó tí ẹ fẹ́ fi yá ogún ènìyàn lè máà tó ẹni mẹ́ta.

Kókó kan ṣì kù lórí yíyá obìnrin nìkan. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún wo àwọn ìwádìí láti Íńdíà, Síríláńkà àti Gánà, wọ́n rí i pé owó tí a fi orúkọ obìnrin gbà sábà máa ń wọ inú òwò ọkọ, tí ọkọ náà bá ní òwò. Kò burú bí ilé bá jọ jẹ èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà ni ẹ ó lọ bá nígbà tí sísan bá falẹ̀.

Alábàárò

A ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo kọ èyí tó kẹ́yìn. Ohun tí a fi ẹnu kò sí nìyí, n kò sì sọ pé gbogbo wa ni inú wa dùn sí i.

A ó pín owó náà sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó pọ̀ jù yóò jẹ́ ti yíyá, àwọn tí wọ́n ti ń ṣe òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kan fún ọdún kan ó kéré tán ni a ó sì yá, ì báà ṣe obìnrin tàbí ọkùnrin. Onígbọ̀wọ́ kò sí mọ́. Wọn yóò máa pàdé pọ̀ bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè oníkálukú yóò wà ní ọrùn tirẹ̀. Ìdá 20 nínú 100 ṣì ni èlé, a ó sì ṣírò rẹ̀ lórí ohun tí ó kù, a ó kọ gbogbo iye tí ènìyàn yóò san láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sójú ìwé kan ní èdè rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. Ìfipamọ́ tipátipá ti kúrò. Oṣù méjì ni wọn yóò fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó san ohunkóhun, lẹ́yìn náà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní àsìkò yóò san ní àsìkò rẹ̀. Ẹni mẹ́jọ nínú wa gbà pé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kò bá padà, a kò ní sọ pé ètò náà bàjẹ́. Ẹni kẹsàn-án ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò gbà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ìdílé méjì péré, tí a ó fún ní ohun iṣẹ́ àti owó oúnjẹ, tí a kò ní gbà padà. Ó kéré, mo mọ̀. Ẹni tí ó ta kú láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò gbà ni yóò máa bójú tó o.

Aránṣọ

Ó wù mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ kò tí ì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tí ó yáwó bá kú, tàbí bí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ni ó san gbèsè ìyá rẹ̀ tán.

Alábàárò

Ó ṣẹlẹ̀ pé a kò rò ó rárá. Mo pe àwọn yòókù ní alẹ́ àná, kò sì sí ẹni tí ó jiyàn: ẹni tí ó bá kú, gbèsè rẹ̀ parí ní ọjọ́ náà, a kò sì ní lọ sí ilé rẹ̀ fún ohun mìíràn ju láti kí wọn kú àjálù. Ẹni tí ó bá ń ṣàìsàn yóò ránṣẹ́ sí wa, a ó dá sísan dúró láìfi èlé kún un títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Agbowó Tẹ́lẹ̀rí

Ó ku ọ̀kan, ẹni tí yóò máa lọ gba owó. Nígbàkigbà tí ó bá jẹ́ pé iye tí ó gbà wọlé ni ẹ fi ń pinnu ohun tí ẹ ó san fún un, gbogbo ohun rere tí ẹ kọ sókè yìí ni yóò wá ọ̀nà láti yẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ nítorí pé mo ṣe é. Iye kan náà ni kí ẹ máa san fún un, yálà owó wọlé tàbí kò wọlé, kí ẹ sì máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni òwò rẹ̀ ń falẹ̀, kí ni ó sì fà á, kí ẹ tó bèèrè iye tí ó gbà.

Alábàárò

A ti kọ ọ́ sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ènìyàn méjìlá ni a ó kọ́kọ́ yá. Bí ẹ bá ráyè, a fẹ́ kí ẹ wá bá ẹni tí yóò máa gbà á sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Agbowó Tẹ́lẹ̀rí

N ó wá. Ẹ sọ fún un pé kí ó má mú ìwé ìṣirò dání ní ọjọ́ yẹn.